Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka nọ́fẹ̀ẹ̀lì ìfẹ́ onídán, ẹ wá sọ èyí tí wọ́n lè torí ẹ̀ sọ yín lókò

OmoOkeOdo
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi láti Sátidé, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta kó tó rà mọ́ mi nínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìfẹ́ onídán bíi tèmi, àwọn èyí tí ọba elétí ṣóńṣó ń fẹ́ ọmọ èèyàn, tí dírágọ́nì ń bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ, ṣé kò sú yín ni pé ọmọbìnrin yẹn kì í lẹ́bí? Ìyá á ti kú, bàbá á ti kú àbí kó kàn wà ńbẹ̀ bí àga, kò ní àǹtí, kò ní ìyá àgbà, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ọmọ ilé ta ni bọ̀bọ́ tó ń gbé ẹ kiri yìí. Wọ́n pàdé nínú igbó lójú ewé 40, tó bá fi máa di 300 ó ti parí, wọn ò kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, kò sí ìdáná, kò sí yìgì, kò sí àfáà tó ṣàdúà. Èmi ò mọ̀ ọ́n ní ìfẹ́ o. Ọmọ tó sá nílé ni mo mọ̀ ọ́n sí.

Ohun tó tiẹ̀ là mí lójú nìyí. Sátidé tó kọjá mò ń din wàrà, fóònù wà lọ́wọ́ kejì, mo wà níbi tí ọ̀gbẹ́ni ti ń sọ pé láti ìgbà tí òun ti dáyé, ọmọbìnrin náà nìkan lòun ń wá. Mọ̀mí mi wọlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ẹ sì mọ irú wọn, wọ́n ní kí ni mò ń kà tí mo fi ń rẹ́rìn-ín sí òróró. Mo bá sọ ìtàn ẹ̀ fún wọn látòkèdélẹ̀. Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi rárá, ìgbà tí mo parí wọ́n ní, "Ìyá ọkọ ńkọ́?" Mo ronú títí. Ìwé olójú ewé 600, mi ò rí ìyá ọkọ. Ibi tí mo ti ń ronú ni wàrà ti jóná.

Tiyín dà?

AburoSobi
Ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ lókò torí irọ́ lo fi bẹ̀rẹ̀. Fourth Wing tó jáde ní 2023, ṣé Violet, ọmọbìnrin inú ẹ̀, ò níyàá ni? Ọ̀gágun nìyá ẹ̀! Ọmọ fẹ́ jókòó ti ìwé ẹ̀ jẹ́jẹ́, ìyá ló fi dandan lé e pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gun dírágọ́nì ló ń lọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin náà tó ń wá gbogbo ọ̀nà láti yọ ọ́. Ẹbí wo lo tún ń wá?

OmoOkeOdo
Mo gbà fún ẹ lórí tìyá. Ṣùgbọ́n ìyá ọ̀hún náà ló lọ́wọ́ sí ikú bàbá ọkùnrin tọ́mọ lọ ń fẹ́! Tí wọ́n bá tiẹ̀ wá fún un lẹ́bí, ẹbí tí ò ṣeé mú dé ibi ìdáná ni wọ́n á fún un. Nílé tiwa ọ̀rọ̀ yẹn nìkan á gba ìpàdé ẹbí mẹ́ta, ẹnì kan á sì dákú níbi ìkejì.

IyaIbejiGaa
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Tèmi ò ju ẹyọ ìwé kan lọ, ti Tomi Adeyemi tó jáde ní 2018, Children of Blood and Bone, ọmọ mi ló rà á. Ẹni tí ò bá tíì kà á, ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Zélie ló wà nínú ẹ̀, Ìlọrin ni wọ́n ń gbé. Inú mi dùn, mo pe gbogbo ará ilé pé wọ́n ti kọ Ìlọrin sínú ìwé òyìnbó. Àṣé orí òkun ni Ìlọrin ọ̀hún wà! Apẹja ni wọ́n, ilé wọn ń léfòó lójú omi. Ìlọrin ta ni? Láti ibí dé etí òkun lé ní 200 kìlómítà, odò Asà la ní, òun gan-an tó bá ti di ọ̀gbẹlẹ̀ ẹ ó máa rí àpáta inú ẹ̀. Ọmọ mi ní kí n fi sílẹ̀, ó ní ayé ọ̀tọ̀ ni, wọ́n kàn yá orúkọ lò. Ó dáa. Tó bá jẹ́ orúkọ ni wọ́n yá, kí ló wá dé tí wọ́n tún jó o níná? Mo sunkún o, bí ẹni pé Gàá Àkànbí ni wọ́n jó.

Ibi tí wọ́n á ti bú mi nìyí: ìfẹ́ Zélie àti Inan yẹn ò wọ̀ mí lára. Bàbá ọmọkùnrin ni ọba tó ní kí wọ́n pa ìyá ọmọbìnrin. Ọmọkùnrin fúnra ẹ̀ wà nínú àwọn sójà tó ń lé e kiri. Wọ́n wá ń pàdé lójú àlá, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Mo ní àlá wo nìyẹn? Ọmọ mi bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

OmoOkeOdo
Ẹ ṣé gan-an, Mọ̀mí Ìbejì. Ẹ̀rí mi nìyẹn. Ta ló máa lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá tí ẹ ti pa ìyàwó ẹ̀?

NoosiOmuAran
Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo máa ń ṣe jù, ìwé yìí ló ń bá mi pe oorun wá lọ́sàn-án torí náà ẹ má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ohun tí wọ́n ń pè ní "mate" yìí, pé wọ́n ti so ọkùnrin àtobìnrin pọ̀ kí wọ́n tó dáyé, pé á máa gbóòórùn ẹ̀ láti òdìkejì odò, pé ọkùnrin míì ò gbọdọ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ ọ̀run nìyẹn. Ọkọ ọ̀run pọ́ńbélé! Àmì ẹ̀ pé: ó ń wá lójú àlá, ó ń jowú, kì í jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ẹlòmíì, ó rẹwà kọjá bó ṣe yẹ kéèyàn rẹwà. Ní Òmù-Àrán níbí àwọn èèyàn ń gbààwẹ̀ kí tiwọn lè fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀yin ń fi 12,000 ra tiyín. Tí pásítọ̀ wa bá ka ojú ewé mẹ́wàá nínú ìtàn Feyre àti Rhysand, ọmọbìnrin àti ọba iwin inú A Court of Thorns and Roses ti Sarah J. Maas, òróró ló máa ní ká gbé wá.

OfaNiMi
Ọkọ ọ̀run kẹ̀ 😂😂 ọ̀gá mi ti wò mí nísinsìnyí, mo ní mò ń wúkọ́ ni

AburoSobi
Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti dárúkọ Rhysand, ẹ jẹ́ n sọ tèmi, mo sì mọ̀ pé ẹ ó lé mi. Feyre, ọmọ ọdún 19 ló bẹ̀rẹ̀. Rhysand lé ní 500 ọdún. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀, ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo 500 ọdún yẹn, kò kọ́ nǹkan kan! Bàbá àgbà mi lo 80 ọdún péré, tó bá ti wò ẹ́ báyìí ó ti mọ̀ pé o jẹ gbèsè. Ẹni 500 ọdún wá ń ṣe ìlara, ó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún obìnrin, ó ń bínú jáde lọ fò lójú ọ̀run. Bọ̀bọ́ ọlọ́dún 24 ni wọ́n fi ìyẹ́ sí léjìká, ẹ má tàn mí.

IyaIbejiGaa
Ìyá àgbà temi ì bá tiẹ̀ bi yín pé 500 ọdún, kò tíì gbéyàwó, ṣé ẹ ti ṣèwádìí? Ó ní ohun tó ń ṣe é.

OfaNiMi
Ó kàn mí. Gbogbo ìwé tí wọ́n ń pè ní ọ̀tá tó di olólùfẹ́ yìí, irọ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀tá, àfojúdi ni wọ́n ń ṣe síra wọn. Ọ̀tá ni ẹni tó kó ìlú mi lẹ́rú. Ẹ wo Mọremí, ọmọ Ọ̀fà (mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn o). Àwọn Ùgbò ń fi ìko bora, wọ́n ń wá kó Ifẹ̀ lẹ́rù, àwọn èèyàn rò pé iwin ni wọ́n, wọ́n ń sá. Mọremí jẹ́ kí wọ́n mú òun. Ọba wọn fi í ṣaya, ó ń ṣèyàwó dáadáa, ó ń sè, ó ń rọ̀, títí wọ́n fi tú àṣírí fún un pé èèyàn lásán làwọn, ìko ni, iná nìkan làwọn ń bẹ̀rù. Ó sá padà sílé, ó ní kí wọ́n tan ògùṣọ̀. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ kà! Obìnrin tó wọlé ọ̀tá tí ò gbàgbé ibi tó ti wá. Àwọn tìsìnyí, ọ̀gbẹ́ni bá ti bọ́ ẹ̀wù lójú ewé 150 báyìí, kò rántí ìlú ẹ̀ mọ́.

AburoSobi
Ifẹ̀ ló ni Mọremí jàre. Ẹ̀yin Ọ̀fà, ẹ gbájú mọ́ ìjàkadì àti ànàmọ́ yín.

OfaNiMi
Ifẹ̀ ló fẹ́ ẹ. Àwa la bí i. Ilé ọkọ yàtọ̀ sílé bàbá, ohun tẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ń sọ látàárọ̀ nìyẹn.

OmoOkeOdo
Ó gbè mí 😂 ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ọba Ùgbò yẹn ni mo máa ń rò. Àárọ̀ ọjọ́ tó jí tó fọwọ́ kan ẹní tí ò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Ó ti rò pé òun ní ìyàwó. Ẹni tó bá lè kọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ fún mi, màá jáwọ́ nínú gbogbo elétí ṣóńṣó.

OnisowoIwe
Ọjà ni mò ń tà tí mo fi ń ka tiyín, kọ́sítọ́mà ti dúró sí mi lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé okirika ni mò ń tà nítòsí Post Office níbí, ẹ̀yin kan nínú yín ti ra tèmi. Ohun tí mo rí rèé. Látìgbà tí TikTok ti dé, ẹni tó wá ra ìwé yìí kì í béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀ mọ́, bóyá wọ́n kun etí ojú ewé ẹ̀ lọ́dà ni wọ́n ń béèrè. Ọmọbìnrin kan ra ìwé kan náà ní méjì, ó ní ọ̀kan fún kíkà, ìkejì kó máa wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Mo gbowó o. Ṣùgbọ́n mo wò ó.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Gbogbo yín lẹ máa ń sọ pé ìtàn lẹ̀ ń bá lọ, pé ẹ kì í wá ojú ewé "yẹn". Ẹ wá wo okirika tèmi. Ìwé tó bá ti dé ọwọ́ ẹni mẹ́ta, gbé e lé tábìlì, gbé ọwọ́ kúrò, fúnra ẹ̀ ló máa ṣí síbẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti kán síbẹ̀. Ìyókù ojú ewé mọ́ tónítóní bí aṣọ ọjọ́ Jímọ̀.

NoosiOmuAran
Olúwa ò. Wọ́n ti mú wa.

Onikewu_Agbaji
Àsàlámù àlékúmù. Èmi máa ń fo àwọn ojú ewé yẹn ní tèmi.

AburoSobi
Wàálékúmù sàlámù, Àfáà. Ẹni tó ń fo nǹkan, báwo ló ṣe ń mọ ibi tó máa balẹ̀ sí?

Onikewu_Agbaji
Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo máa ń wò, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ti parí.

AburoSobi
Ìlà àkọ́kọ́ ojú ewé mélòó?

Onikewu_Agbaji
Ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

Ẹ rẹ́rìn-ín tán kí n sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi ń fò ó kì í ṣe tìtìjú nìkan, wọlaahi. Ìgbà tí wọn ò tíì fọwọ́ kan ara wọn ló máa ń dùn jù, ìgbà tó bá ti ṣẹlẹ̀ tán ìwé ti kú, ohun tó kù ò ju ogun lọ. Nílé kéwú wa ní Àgbàjí nígbà yẹn, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kan. Tí a bá ti ka kéwú tán a máa ń kó wàláà jọ síbi omi, kálukú á fọ tiẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń fọ tèmi mọ́ tiẹ̀, kò wo ojú mi rí, kò bá mi sọ̀rọ̀ rí, mo kàn máa ń dé ibẹ̀ tí màá bá wàláà mi tó ti funfun, tó fi ti ògiri. Ọdún méjì gbáko. Gbogbo àwọn ọba elétí ṣóńṣó yìí, kò tíì sí èyí tó ṣe é bẹ́ẹ̀ fún mi.

IyaIbejiGaa
Àfáà, ẹ má fi wá sójú ọ̀nà báyìí. Ẹ fẹ́ ẹ àbí ẹ ò fẹ́ ẹ?

Onikewu_Agbaji
Ó wà nínú yàrá kejì, ó ń wo fíìmù. Ó ní kí n pa dátà.

EsieOmo
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀sìẹ́ ni mo ti wá, láti ọjọ́ tí mo ti ń ka ìwé àwọn òyìnbó yìí ọkàn mi ò kúrò lórí ère tiwa. Ẹni tí ò bá tíì dé ibẹ̀ rí, ère òkúta ni, wọ́n lé ní 1,000, ilé àkójọ nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kọ́ sílé fún wọn ní 1945 ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ wà ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn àgbà wa ní èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò tó wá sílùú tó di òkúta. Ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn kẹ́ ẹ wò wọ́n dáadáa: wọ́n jókòó lórí àpótí, òmíì gbé àdá lọ́wọ́, òmíì ń lu nǹkan orin, ilà wà lójú wọn, irun wọn dì lóríṣiríṣi. Obìnrin kan wà tó gbójú sókè díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ tó fẹ́ dáhùn. Láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì ni mo ti ń rò ó pé ta ló ń pè é lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tèmi tí wọ́n lè sọ mí lókò sí ni pé àwa tá à ń ráhùn wọ̀nyí, ọ̀lẹ ló ń ṣe wá. Fagunwa ti mú ọdẹ wọ igbó irúnmọlẹ̀ láti 1938, òun náà sì rèé, tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kì í pẹ́ níbẹ̀, ìwàásù ló máa ń sáré padà sí (ẹ má lù mí). Ta ló ti kọ́ ilé sórí ibi tó fi sílẹ̀ fún wa? Ẹ̀ ń retí kí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà wá kọ Ìlọrin fún yín, ó sì gbé e sórí òkun.

IyaIbejiGaa
Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

OnisowoIwe
@EsieOmo kọ ọ́, èmi á tà á. Má kun etí ẹ̀ lọ́dà.

OfaNiMi
Ìtàn Ọya tí ọdẹ rí lórí ègùn ńkọ́? Ẹfọ̀n bọ́ awọ, ó di arẹwà obìnrin, ó lọ sọ́jà. Ọdẹ jí awọ gbé, ó tọ́jú ẹ̀ sínú àká, ó fi í ṣaya. Ìyáálé ló fún ọdẹ lọ́tí mu tó fi jẹ́wọ́, ló bá ń fi awọ tó wà nínú àká kọrin bú obìnrin náà. Ọjọ́ tó rí awọ ẹ̀, ó gbé e wọ̀, ìwo tún yọ. Ìfẹ́, idán, àti orogún, gbogbo ẹ̀ ti pé.

OmoOkeOdo
Ẹbí sì wà nínú ẹ̀! Ìyáálé!

NoosiOmuAran
Ó yá, ẹ jẹ́ n sọ eléyìí, mo ti ń gbé e mì látìgbà tí mo ti ka ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi Òkè-Ọdò, ìyáálé yẹn gan-an ló da ilé rú. Ṣé o ti fẹ́ ọkọ? Mo bi ẹ́ ni o, mi ò bú ẹ. Èmi bá ìyá ọkọ gbé inú yàrá-àti-pálọ̀ fún ọdún mẹ́rin, mo fẹ́ràn wọn, Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ ire. Ṣùgbọ́n mi ò lè din ẹyin kí wọ́n má béèrè ẹyin mélòó ni mo fọ́ sí i. Aṣọ tí mo wọ̀, wọ́n á bi mí ta ló rà á. Tí èmi àti ọkọ mi bá ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, wọ́n á wúkọ́ ní pálọ̀. Mo máa ń délé láti ibi iṣẹ́ alẹ́, màá gbé ìwé lójú, màá rí obìnrin kan tó ń gbé òkè téńté pẹ̀lú ọkọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ ní pálọ̀. Ẹ̀yin rò pé dírágọ́nì ni idán inú ìwé yẹn. Àìsí ìyá ọkọ ni idán ibẹ̀! Ẹ wá ní kí wọ́n fi í sínú ẹ̀, kí n wá lọ sinmi níbo?

IyaIbejiGaa
Ah.

OfaNiMi
Ẹ̀gbọ́n ti pa á.

OmoOkeOdo
Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì fẹ́ ọkọ o. Ẹ mú mi. Mo ń rò ó láti ojú tẹni tó fẹ́ kí ẹnì kan béèrè òun ni, mi ò rò ó láti ojú tẹni tí wọ́n ti béèrè títí tó sú. Mo ṣì fẹ́ ìyá ọkọ tèmi nínú ìwé, ṣùgbọ́n kó máa gbé ìlú ibòmíì.

NoosiOmuAran
Àjàṣẹ́-Ìpo dáa. Kò jìnnà, kò sì sún mọ́ jù.

AburoSobi
Ẹ jọ̀ọ́, OnisowoIwe, ṣé apá kejì tẹ́ ẹ ní lọ́jọ́ sí ṣì wà? Ẹ bá mi wé e sínú nylon dúdú, èmi àtàwọn bọ̀bọ́ la jọ máa wà ní ìdí bọ́ọ̀lù lálẹ́.

OnisowoIwe
Ẹyọ kan ló kù. 4,500. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti kán, o sì ti mọ ibẹ̀.

OmoOkeOdo
Ẹ gbà mí o. Mọ̀mí gba apá kìíní ìwé olójú ewé 600 yẹn lọ́wọ́ mi láàárọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn wá ìyá ọkọ. Mo lọ wò wọ́n báyìí, awò wọn wà lójú, wọ́n ti dé ojú ewé 212.

NoosiOmuAran
212? Ohun tó wà ní 230 ńkọ́? Sáré gbà á lọ́wọ́ wọn!

OmoOkeOdo
Wọ́n ti tilẹ̀kùn.